Ìbẹ̀rù gẹ́gẹ́ bí Ohun-èlò Ìtàn Àròsọ: Àpẹẹrẹ Sẹ̀gilọlá

Láàárín 1929 sí 1930 ni I. B. Thomas gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde bí ọ̀wọ́ lẹ́tà nínú ìwé-ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ló ń ròyìn ayé rẹ̀: ó ń bẹ̀rù ikú àti ìdájọ́ Ọlọ́run, ìtìjú kò sì jẹ́ kí ó dárúkọ ara rẹ̀ gan-an. Èrò wa ni pé ìbẹ̀rù wọ̀nyí wà lára ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni, bẹ́ẹ̀ Thomas ló kọ ọ́. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ bá ń bẹ̀rù omi ọ̀sà, kí olùkọ́ má ṣe fi í ṣẹ̀sín. Kí ó ní kí ó gbé ìbẹ̀rù náà wọ ẹ̀dá-ìtàn kan.