Bí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Ṣe Ń Sín Tẹ́mínà Jẹ: Ìtàn àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Olùkọ́ Èdè

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àìlàdí ló pa Elémpe ìṣáájú tó ní igbá wúwo ju àwo lọ. Elémpe mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ẹni tó gbọ́ ọ ni kò mọ̀ ọ́n. Irú ọ̀ràn yìí náà ló máa ń wáyé láàárín kọ̀ǹpútà méjì tí wọn kò bá fẹnu kò lórí ìtumọ̀ àmì. Nínú iṣẹ́ yìí, a tọpa ìtàn àwọn sọ́fítíwià tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kékeré ṣe bí ẹni pé tẹ́mínà ni òun lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èrò wa ni pé bí àmì èdè wa ṣe ń sọnù lórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe àbùkù èdè náà. Ìpinnu àwọn ènìyàn ló fà á, ìpinnu ènìyàn ló sì lè tún un ṣe.

Tẹ́mínà kí kọ̀ǹpútà kékeré tó dé

Láàárín ọdún 1960 sí 1980, kọ̀ǹpútà tóbi, owó rẹ̀ sì ga, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń pín ẹyọ kan lò. Ohun tó wà níwájú òǹlò ni tẹ́mínà: kíbọọ̀dù tí ó ń tẹ̀, àti bébà tàbí gíláàsì tí èsì ń hàn sí. Kọ̀ǹpútà àgbà ló ń ṣe ìṣirò. Teletype Model 33, tó jáde ní 1963, ń tẹ èsì sórí bébà, lẹ́tà ńlá nìkan ló sì mọ̀. Ní 1978, ilé-iṣẹ́ DEC ní Amẹ́ríkà gbé VT100 jáde. Ojú rẹ̀ gba ìlà 24, ìlà kọ̀ọ̀kan sì gba àmì 80. Àwọn àṣẹ kan wà tí àmì Escape ń ṣáájú wọn, tó ń sọ fún un pé kó nu ojú rẹ̀ tàbí kó kọ̀wé sí ibi báyìí. VT100 gbajúmọ̀ débi pé ó di òṣùwọ̀n tí àwọn mìíràn ń tẹ̀lé.

Kermit àti PC àtijọ́

Ní 1981 ni IBM PC jáde. Ọdún yẹn gan-an ni Frank da Cruz àti Bill Catchings bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Kermit ní Columbia University, New York. Àyè ìpamọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ní lórí kọ̀ǹpútà àgbà kò tó nǹkan. Wọ́n nílò ọ̀nà láti kó iṣẹ́ wọn sórí díìsìkì tiwọn. Orúkọ ọ̀pọ̀lọ́ inú eré tẹlifíṣọ̀n kan ni wọ́n fún ètò náà. Nígbà tí Kermit dé orí MS-DOS, ó ń kó fáìlì, ó sì tún ń sín tẹ́mínà ẹbí VT100 jẹ. PC kan ṣoṣo wá ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ méjì.

Wáyà tààrà tàbí okùn tẹlifóònù ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Telnet ni ìlànà tó gbòde. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1969, ìlànà tí a mọ̀ ọ́n mọ́ sì jáde ní 1983. Ẹni tó bá ń ṣètò MS-DOS Kermit lórí PC àtijọ́ yóò kọ́kọ́ fi káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí i, yóò gbé packet driver káàdì náà sínú mẹ́mórì, yóò sì sọ fún Kermit àdírẹ́sì ẹ̀rọ, subnet mask àti gateway. Lẹ́yìn náà ni yóò yan irú tẹ́mínà tí yóò sín jẹ. Ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fò ló gbẹ̀yìn: yíyan àkójọ àmì tí ẹ̀rọ méjèèjì yóò jọ máa lò.

Ibi tí àmì wa ti sọnù

Àkójọ àmì ASCII, tí Telnet gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ lé, kò ní ju àyè 128 lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi wọ̀n ọ́n. Latin-1 tó tẹ̀lé e ní á, à, é àti ò, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Kò ní ị àti ụ ti Ìgbò, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ɓ, ɗ àti ƙ ti Haúsá. Ọ̀ràn gbogbo wa tí a péjọ síbí ni.

Ní yàrá kọ̀ǹpútà kan tí a ti kọ́ni, a tẹ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ohun kan náà ló ń jáde nídìí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: àmì ìbéèrè, k, àmì ìbéèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, tí kò dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá, ní bóyá Yorùbá kì í ṣe èdè kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá. Ètò tí kò bára mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ló dá a lẹ́bi, kì í ṣe èdè.

Ní 1992, Ken Thompson àti Rob Pike gbé UTF-8 kalẹ̀, èyí tó gba àmì gbogbo inú Unicode. Síbẹ̀, iṣẹ́ kò parí. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ọ́ kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan: ti ọ ni yóò ṣáájú, ti àmì ohùn yóò tẹ̀lé e. Tẹ́mínà tó ń fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ lórí ìlà lè ya àmì ohùn sọ́tọ̀ kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀.

Ìfẹnukò kò ṣàjèjì sí wa. Ìpàdé ni àwọn ènìyàn ṣe ní Èkó ní 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974.

Ìkádìí

Ìmọ̀ràn wa fún àwa olùkọ́ àwọn olùkọ́ kò ju mẹ́ta lọ. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé àmì tó sọnù ní ìdí tí a lè wá rí. Bí a bá ń lo PuTTY lónìí, ẹ jẹ́ kí a rí i dájú pé UTF-8 ni a yàn, kí kọ̀ǹpútà òdìkejì náà sì máa lò ó. Telnet kì í bo páásíwọọ̀dù; nítorí irú ewu bẹ́ẹ̀ ni Tatu Ylönen ṣe dá SSH sílẹ̀ ní Finland ní 1995. Nítorí náà, bí PC àtijọ́ kò bá lè lo SSH, inú yàrá ẹ̀kọ́ tí kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ni kó mọ. Bí a bá ti là á, yóò yé ẹni tó ń gbọ́.