Ta ni à ń pè ní aláìníṣẹ́? Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìwé mẹ́fà

Àwọn kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ rí ti ń bi mí pé kí ni onímọ̀ èdè ń wá nínú ọ̀rọ̀ ọrọ̀-ajé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mò ń wá níbẹ̀: iṣẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn olùwádìí ti ń ka àwọn tó kàwé tán tí wọn ò ríṣẹ́ ní ilẹ̀ wa. Iye tí wọ́n ń rí kì í dúró sójú kan, torí ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ náà kì í dúró sójú kan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 17 oṣù kìíní 1955, nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ló ti gbé àbá náà kalẹ̀ ní 1952. Ní 1954, bíi 457,000 ọmọ ló wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà. Ní 1955 wọ́n di bíi 811,000, nígbà tó sì fi máa di 1960 wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan. Wọ́n tún dín ọdún mẹ́jọ tí wọ́n fi ń ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù sí mẹ́fà.

Ẹ kíyè sí orúkọ tí a ń pe àwọn ọmọ wọ̀nyí o: ọmọ ìwé mẹ́fà. Kó tó di 1955, ẹni tó ka ìwé mẹ́fà ti lo ọdún mẹ́jọ nílé ìwé. Ó lè di akọ̀wé, ó sì lè di tíṣà. Lẹ́yìn 1955, orúkọ náà ò yí padà, ṣùgbọ́n ọdún méjì ti yọ nínú rẹ̀. Àwọn òbí sì ń retí pé ohun tí ìwé mẹ́fà ti àtijọ́ rà lọ́jà ni ti tuntun náà yóò rà. Ní ìparí 1960, ọdún tí a gba òmìnira, àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 jáde lọ́pọ̀ yanturu. Iṣẹ́ oṣù ò pọ̀ tó wọn rárá.

Ìgbà yẹn ni ariwo ta. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti sọ ọmọ di ọ̀lẹ, pé wọn ò fẹ́ fọwọ́ kan ọkọ́ àti àdá mọ́. Ẹ̀sùn yìí ni mo rò pé a ò tíì yẹ̀ wò dáadáa títí dòní, ọ̀nà Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù sì ni ibi tó yẹ ká ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ̀ ojú irin ti ń gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá kí 1910 tó dé. Ilẹ̀ ibẹ̀ dára fún iṣu àti àgbàdo, àmọ́ kò gba kòkó bíi ti Ifẹ̀ àti Oǹdó. Nítorí náà ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ilé sílẹ̀ lọ dá oko kòkó lọ́nà jíjìn. Àwọn ará Ìníṣà ní tiwọn gba Gáńà lọ, wọ́n ń ṣòwò níbẹ̀ títí ìjọba Busia fi ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ní oṣù kọkànlá 1969. Ọmọ ìwé mẹ́fà tó wọ rélùwéè lọ sí Ìbàdàn, ipa ẹsẹ̀ baba rẹ̀ ló ń tọ̀. Ọ̀lẹ wo ló wà níbẹ̀?

Owó náà tún wà níbẹ̀. Láti 1954 ni ìjọba Ẹkùn ti sọ owó lébìrà tirẹ̀ di ṣílè márùn-ún lójúmọ́. Ọmọ tó ń ṣoko baba rẹ̀ kì í gbowó ojúmọ́. Ó ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa pín ilẹ̀ fún un ni. Philip Foster tó ṣèwádìí ní Gáńà kọ ọ́ ní 1965 pé kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọmọ nílé ìwé ló ń mú un sá fún oko. Ọmọ náà ti ṣírò ohun tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú wọlé, ìṣirò rẹ̀ sì tọ́. Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn nígbàkigbà tí ẹnìkan bá tún ní ká fi ẹ̀kọ́ oko sí ìwé àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ á parí. Ìjọba Ẹkùn dá àwọn ibùdó oko sílẹ̀ láti nǹkan bíi 1959, wọ́n wo àpẹẹrẹ Ísírẹ́lì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni wọ́n ń ná lórí àgbẹ̀ ọ̀dọ́ kan. Ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ ló gbà, púpọ̀ nínú wọn ò sì dúró.

Níbo wá ni àwọn yòókù wọlé sí? Archibald Callaway, onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, kọ ìwé lórí àìríṣẹ́ṣe àwọn ọmọ yìí ní 1963. Ṣùgbọ́n èyí tó tẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1964 ni mo fẹ́ràn jù, nítorí inú ṣọ́ọ̀bù ló wọ̀ lọ. Ó rí i pé lọ́dọ̀ télọ̀, kápẹ́ńtà, mẹkáníìkì àti bíríkìlà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí à ń sunkún wọn wà, tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́. Ìjọba ò fi kọ́bọ̀ sí i. Òbí àti ọ̀gá ló jọ ṣàdéhùn. Òbí san owó ìkọ́ṣẹ́, ọmọ sin ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ó wá gba fíríìdọ̀mù. Ìlànà náà ní àléébù o: ọ̀gá tí kò mọ̀ ju bó ṣe kọ́ ọ lọ, kò lè kọ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ẹlòmíràn sì ń fi ọdún kìíní pọnmi nìkan ni.

Tí ẹ bá bi ìyá ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Òkukù bóyá ọmọ rẹ̀ níṣẹ́, "Ó ń kọ́ṣẹ́" ni yóò fi dá yín lóhùn. Kò ní "ó níṣẹ́," kò sì ní "kò níṣẹ́." Ìwé àwọn olùṣirò kò ní àyè fún ìdáhùn kẹta yìí. Àjọ NBS ní ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ ni kò níṣẹ́ ní ìparí 2020. Nígbà tí wọ́n gbé ìṣirò mìíràn jáde ní 2023, wọ́n ní 5.3 ni ní ìparí 2022. Ilé-iṣẹ́ kankan ò ṣí tó lè fa ìyẹn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà sí aláìníṣẹ́. Ní báyìí, wákàtí kan tó mówó wá ti tó. Nínú ìlànà àgbáyé tí wọ́n tẹ̀ lé, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò gbowó kì í ṣe ẹni tó níṣẹ́, tí kò bá sì máa wáṣẹ́ káàkiri, kì í ṣe aláìníṣẹ́ náà. Àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu tí ilé rẹ̀ máa jẹ kò sí lára òṣìṣẹ́. Ẹ rò ó wò, àgbẹ̀!

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà ní Òkukù fún ìmọ̀ ìṣàkóso àti ìmọ̀ àwùjọ, ọgbà Ìkirè sì ni ti ìmọ̀ èdè àti àṣà. Ọ̀nà tó so Òkukù àti Ìkìrun pọ̀ ò jìn. Ó wù mí kí akẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀-ajé kan àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè kan jọ fẹsẹ̀ rìn ín, kí wọ́n gba Ìníṣà, kí wọ́n máa yà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan: fókánáísà, télọ̀, onídìrí, àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Kí wọ́n bèèrè iye ọdún tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi kàwé, ẹni tó san owó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, àti ẹni tó máa ra ẹ̀rọ fún un lẹ́yìn fíríìdọ̀mù. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni kí wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀ jù.