Ọ̀rọ̀ Aṣínà, Ìbéèrè Ìdánimọ̀ àti Ẹ̀sùn Ìgbàgbé

Ìfáàrà

Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ wọ inú àkántì rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, tí ẹ̀rọ sì wí fún un pé ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ kò tọ̀nà, ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà, àwọn ọmọ rẹ̀ a ní ogbó ti dé. Ọ̀rọ̀ tí ó gbàgbé yìí ni ọ̀rọ̀ aṣínà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí páásíwọọ̀dù. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi í lẹ́yìn tí ó bá ti gbàgbé, bí i orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀, ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní ìbéèrè ìdánimọ̀. Ohun tí ìtàn àwọn méjèèjì fi hàn ni pé ẹ̀sùn ìgbàgbé kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ẹni tí wọ́n fi kàn. Àwọn tí ó ṣe òfin náà wo agbára ẹ̀rọ, wọ́n sì wo irú ìdílé kan ní ìlú kan. Wọn kò wo bí ọmọ ènìyàn ṣe ń rántí nǹkan.

Ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀rọ̀ Aṣínà

Ọ̀rọ̀ àṣírí tí àwọn ọmọ ogun fi ń dá ara wọn mọ̀ lóru ti pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ti orí kọ̀ǹpútà kò tí ì pé 70 ọdún. Ní 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, fi ètò kan hàn tí wọ́n pè ní CTSS. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀wọ́n gógó ni ẹ̀rọ náà, nítorí náà wọ́n pín àsìkò rẹ̀ fún oníkálukú, wọ́n sì fún olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ aṣínà kí ẹnìkan má baà wọ inú fáìlì ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ kan ni ènìyàn ní láti rántí, fún ẹ̀rọ kan, láàárín àwọn tí ó mọ ara wọn. Kò sí ìnira kankan níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ètò náà fi jò. Ní 1962, Allan Scherr, tí ó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀, rí i pé wákàtí 4 tí wọ́n fún òun lọ́sẹ̀ kò tó iṣẹ́ òun. Ó fi káàdì oníhò béèrè ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì pé kí ẹ̀rọ tẹ fáìlì tí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà wà nínú rẹ̀ jáde. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, ó lọ mú ìwé náà níbi tí wọ́n ń kó àwọn ìwé àtẹ̀jáde sí. Nǹkan bí ọdún 25 kọjá kí ó tó jẹ́wọ́. Ní 1966 ẹ̀wẹ̀, àṣìṣe kan nínú ètò náà gbé fáìlì yìí kan náà síwájú gbogbo ẹni tí ó wọlé, dípò ìkíni ọjọ́ náà. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, kò sí ẹni tí ó gbàgbé ohunkóhun. Ọwọ́ ẹ̀rọ ni àṣírí ti tú.

Bí Òfin Ṣe Ń Le Sí I

Síbẹ̀, ènìyàn ni wọ́n di ẹrù lé lórí. Nínú ìwé tí Robert Morris àti Ken Thompson, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Bell, tẹ̀ jáde ní 1979, wọ́n ròyìn ọ̀rọ̀ aṣínà 3,289 tí wọ́n yẹ̀ wò. 86 nínú 100 ni ó rọrùn láti mọ̀, 464 nínú gbogbo wọn sì jẹ́ àmì mẹ́ta péré. Iṣẹ́ gidi ni. Òótọ́ ni pé ohun tí ó rọrùn ni ènìyàn máa ń mú. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn aláṣẹ rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí wọ́n fi ipá mú un mú èyí tí ó le.

Ní 2003, Bill Burr, òṣìṣẹ́ NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń fi òṣùwọ̀n lélẹ̀, kọ ìlànà kan: kí lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà àti àmì mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ aṣínà, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ilé-iṣẹ́, báńkì àti yunifásítì káàkiri ayé sọ ọ́ di òfin. Àwọn ènìyàn náà dá ọgbọ́n tiwọn: wọ́n fi 1 kún ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ àtijọ́, nígbà tí ó sì tún yá wọ́n sọ ọ́ di 2. Ní 2017, Burr sọ fún ìwé ìròyìn Wall Street Journal pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí òun kọ. Kò rí ọ̀rọ̀ aṣínà gidi yẹ̀ wò nígbà náà. Ìwé kan tí wọ́n ti kọ ní nǹkan bí 20 ọdún ṣáájú ni ó gbára lé. Ní ọdún 2017 yìí kan náà ni NIST fa òfin náà sẹ́yìn. Corbató fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, ti jẹ́wọ́ ní 2014 pé òun a máa kọ tòun sílẹ̀: ojú ìwé mẹ́ta tí a tẹ̀, nǹkan bí 150 ọ̀rọ̀ aṣínà. Ohun tí wọ́n fi ń bá àwọn àgbàlagbà wí gan-an nìyí.

Ìgbà kan wà tí wọ́n wo ènìyàn kí wọ́n tó ṣe òfin. Nígbà tí báńkì Barclays gbé ẹ̀rọ ìgbowó sí Enfield ní London ní 1967, nọ́ńbà mẹ́fà ni John Shepherd-Barron kọ́kọ́ rò láti lò, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ. Ìyàwó rẹ̀ ní mẹ́rin ni òun lè rántí. Mẹ́rin náà ni káàdì báńkì ń lò ní Nàìjíríà títí di òní.

Ìbéèrè Ìdánimọ̀

Ìbéèrè ìdánimọ̀ dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Ní 1850 ni wọ́n dá Emigrant Industrial Savings Bank sílẹ̀ ní New York fún àwọn ará Ireland tí ìyàn lé wá sí Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Nítorí náà, akọ̀wé báńkì a kọ ibi tí wọ́n ti bí oníbàárà sínú ìwé ńlá kan, pẹ̀lú ọkọ̀ òkun tí ó bá dé àti orúkọ àwọn òbí rẹ̀. Bí ó bá wá gba owó, wọ́n lè fi ìwé náà bi í léèrè. Ètò náà bá ìgbà rẹ̀ mu, nítorí pé ojúkojú ni wọ́n wà: bí oníbàárà bá pe orúkọ ìlú rẹ̀ lọ́nà tí ó yàtọ̀ díẹ̀, akọ̀wé mọ ohun tí ó ń wí.

Nígbà tí wọ́n gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, òye yẹn kò bá a lọ. Ní 2008, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Tennessee wọ inú àkántì ímeèlì Sarah Palin, gómìnà Alaska, ẹni tí ó ń du ipò igbákejì ààrẹ. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò rẹ̀ àti ibi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti pàdé ni ó nílò. Àṣírí kọ́ ni ọ̀kankan nínú wọn. Ẹni tí ó ni àkántì ni ìbéèrè náà ń dí lọ́nà jù. Àwọn onímọ̀ Google kọ ọ́ ní 2015 pé 40 nínú 100 oníbàárà wọn tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà kò rántí èsì tiwọn mọ́ nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀.

Bí ọ̀ràn bá rí báyìí fún ará Amẹ́ríkà, ti ọmọ Yorùbá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè nípa orúkọ tí ìyá ẹni ń jẹ́ kí ó tó wọlé ọkọ gbà pé orúkọ ìdílé kan ṣoṣo ni obìnrin ní, àti pé ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé àwọn oníjọ àti ìwé ìjọba amúnisìn ni ó fi ìdí irú orúkọ ìdílé bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ baba kan náà lè jẹ́ orúkọ baba, kí àbúrò rẹ̀ jẹ́ ti baba-ńlá wọn. Ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ lórúkọ. Ìyá Àìná ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ní ti àṣírí, ìdílé ìyá ẹni wà nínú oríkì tí wọ́n fi ń kini ní gbangba níbi ìgbéyàwó.

Láti 2014 tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ètò BVN, ìka ọwọ́ àti àwòrán ojú ti di ẹ̀rí ìdánimọ̀, síbẹ̀ orúkọ ìyá kò kúrò nínú fọ́ọ̀mù báńkì. Bí ó bá jẹ́ Adéṣínà, ẹnìkan lè kọ ọ́ ní Adesina, ẹlòmíràn ní Adeshina, ọ̀mọ̀wé a sì fi àmì sí i. Orúkọ mẹ́ta ni èyí lójú ẹ̀rọ. Àgbàlagbà tí ó fẹnu sọ orúkọ náà fún akọ̀wé nígbà tí ó ń ṣí àkántì kò mọ èyí tí akọ̀wé yàn. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bá wọlé tí ó sì fẹ́ rí i, a tẹ orúkọ náà bí ó ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré, ẹ̀rọ a sì dá a lóhùn pé orúkọ ìyá rẹ̀ kọ́ nìyẹn.