Ẹ̀kọ́ Ọmọ Ìlú Rere: Láti Man O' War Bay Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Àgùnbánirọ̀

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Òwe yìí ni ìdáhùn tí ìtàn orílẹ̀-èdè wa fi fún ìbéèrè kan tí ó ti pẹ́: báwo ni a ṣe lè kọ́ ọ̀dọ́ tí ó mọ̀wé láti di ọmọ ìlú rere? Ìwé lórí ètò ìjọba kò wọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹni tí ó bá há gbogbo rẹ̀ sórí lè yege nínú ìdánwò, síbẹ̀ kí ó má mọ ohun tí ń dun ẹni tí ń gbé ní òdì kejì odò Ọya.

Ní ọdún 1951, a dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Man O' War Bay, ní etí òkun, nítòsí ìlú Victoria tí a ń pè ní Limbe nísinsìnyí. Gúúsù Kamẹrúùnù ni ibẹ̀, ilẹ̀ tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Nàìjíríà nígbà náà. Ọ̀gbẹ́ni Alec Dickson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́kọ́ ṣe olórí rẹ̀. Ẹ kíyè sí ọdún náà, ẹ̀yin olùgbọ́ wa. Ọdún 1951 kan náà ni òfin ìṣèlú tí a fi orúkọ Gómìnà Macpherson pè fún àwọn ìgbìmọ̀ ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Àríwá, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn, ní agbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí àwọn òṣèlú ti ń kó wọ inú ẹkùn wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ láti ẹkùn wọ̀nyí ń pàdé ní etí òkun kan ṣoṣo.

Akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn, olùkọ́ wà níbẹ̀, akọ̀wé àti ọlọ́pàá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun. Wọ́n ń gun òkè Kamẹrúùnù, tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 13,000 lọ. Wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ fún àwọn ará abúlé. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá ti jókòó nídìí tábìlì gbà pé ọkọ́ àti àdá ti di ti àwọn púrúǹtù. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí fi ọkọ́ lé ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́, ó sì ní kí ó wá wo ẹni tí òun yóò máa kọ̀wé lé lórí lọ́la. Lórí òkè tí òtútù ti ń mú, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè ìlú ẹni tí ó na ọwọ́ láti fà á sókè.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1961, àwọn ará Gúúsù Kamẹrúùnù dìbò pé Kamẹrúùnù ni àwọn fẹ́ bá lọ, wọ́n sì darapọ̀ mọ́ ọn ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà. Etí òkun náà bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò bọ́. A gbé e wọlé wá: ti orí òkè wà ní òkè Shere nítòsí Jos, ti ojú omi sì wà ní Àpápá ní Èkó.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ nìkan kọ́ ni ojúṣe ọmọ ìlú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, nígbà tí òmìnira wa kò tíì pé oṣù méjì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn lọ sí Èkó láti tako àdéhùn ààbò tí ìjọba wa bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 1962, a fagi lé àdéhùn náà. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí fi hàn pé ẹni tí yóò sin ìlú gbọ́dọ̀ lè bi ìlú léèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

Ogun abẹ́lé tí ó jà láti ọdún 1967 títí di oṣù kìíní ọdún 1970 fi yé wa pé ìwọ̀nba ọ̀dọ́ díẹ̀ tí wọ́n jọ gun òkè kò tó láti so orílẹ̀-èdè ró. Nítorí náà, ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 1973, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon fi Òfin nọ́ńbà 24 dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀. Yunifásítì 6 àti ìpínlẹ̀ 12 ni a ní nígbà náà. Ẹni tí ó bá jáde ní yunifásítì yóò fi ọdún kan sin orílẹ̀-èdè ní ibi tí kì í ṣe ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tako ètò náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fìdí múlẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 pàápàá fi í sí ara àwọn òfin tí kò rọrùn láti yí padà. Títí di òní, ìdárayá tí a ń pè ní Man O' War wà nínú ohun tí àwọn àgùnbánirọ̀ ń ṣe ní ibùdó. Díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé orúkọ etí òkun kan ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni wọ́n ń pè.

Nínú ìdìbò gbogboogbò ọdún 2011, àwọn àgùnbánirọ̀ ni àjọ elétò ìdìbò INEC gbẹ́kẹ̀ lé ní ọ̀pọ̀ ibùdó ìdìbò. Iṣẹ́ yìí so ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀: wọ́n ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń ṣọ́ ohùn ará ìlú kí ẹnikẹ́ni má jí i gbé. Lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ ní oṣù kẹrin ọdún náà, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Àríwá, a sì pa àgùnbánirọ̀ mẹ́wàá ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Ọmọ tí àwọn òbí ń retí pé kí ó padà wálé, òkú rẹ̀ ni a gbé dé.

Àwọn kan ní kí a fòpin sí ètò náà. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù ọmọ yóò padà sínú oko baba rẹ̀, yóò sì máa fi í yangàn. Ṣùgbọ́n a kò lè máa fi ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ara wa ní ìṣọ̀kan láìṣọ́ ọ. Yorùbá ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó rán wọn. Wọ́n lọ sí ibi tí a ní kí wọ́n lọ. Ó ku kí ẹni tí ó rán wọn náà máa mú wọn padà wálé láàyè. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ ọmọ ìlú rere tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́.