Òǹkà àti Ìtàn: Eré Brooklyn ti Ọdún 1947

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin, ọdún 1947, ní pápá Ebbets Field ní Brooklyn, ẹgbẹ́ Dodgers na Braves ti Boston ní eré bésíbọ́ọ̀lù, ayò 5 sí 3. Ìwé òǹkà ọjọ́ náà fi hàn pé ìgbà mẹ́ta ni a kà fún Jackie Robinson ní ìdí ọ̀pá, kò sì rí ọ̀kan gbá yege. Àṣìṣe àwọn alátakò ni ó fún un ní àyè tí ó fi sáré jẹ ayò kan.

Ṣùgbọ́n láti ọdún 1884, a kò tún gba ènìyàn dúdú ní gbangba sínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà. Kì í ṣe òfin tí a kọ sílẹ̀ ni ó dí wọn lọ́nà. Ìmọ̀ àwọn olówó ẹgbẹ́ ni ó ṣọ̀kan. Robinson ni ó já okùn náà.

Òǹkà a máa sọ ohun tí a ṣe. Kì í sọ ti ẹni tí a kò jẹ́ kí ó ṣe é. Josh Gibson, ọ̀gá nínú líìgì àwọn ènìyàn dúdú, ti kú ní oṣù kìíní ọdún náà. Ọdún 2024 ni a tó ka iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ìyókù: 372 nínú 1,000, ó sì ga ju ti gbogbo wọn lọ.

Nítorí náà, kí a tó gba òǹkà gbọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí a kò kà.