Òjé: Láti Ọrùn-ọwọ́ Olórìṣà Dé Inú Ẹ̀jẹ̀ Ọmọdé

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lónìí: òjé. Irin rírọ̀ tí ó wúwo ni, àwọn ọmọlẹ́yìn Ọbàtálá sì ti ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ láti ayébáyé. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀nà tí ó ń gbà wọ inú ara ni ó yí padà: ẹ̀gbà kì í di èéfín, ṣùgbọ́n iná ìléru a máa sọ òjé di èéfín àti eruku.

Inú bátìrì ọkọ̀ ni òjé pọ̀ sí jù lónìí. Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì tí ó di ibùdó ilé-iṣẹ́ ńláńlá títí dé Ṣàngó, wà lára ibi tí a ti ń yọ́ ògbólógbòó bátìrì ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní Ògìjo, ní ìpínlẹ̀ kan náà, ìwé ìròyìn The New York Times àti The Examination mú kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 70 wò. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2025 ni pé méje nínú mẹ́wàá wọn ni òjé ara wọn ti dé ìwọ̀n tí ó lè ṣe ìpalára.

Ǹjẹ́ oògùn wà? Ó wà. Chelation ni a ń pe irú ìtọ́jú náà. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ọwọ́ akàn ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì, Morgan àti Drew, ti fa orúkọ yìí yọ ní 1920. Orúkọ náà bá iṣẹ́ mu: oògùn náà a gbá òjé mú bí akàn, a sì bá ìtọ̀ gbé e jáde. Ní Zamfara, níbi tí òjé inú òkúta wúrà ti pa ọmọdé tí ó lé ní 400 ní 2010, oògùn yìí gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti kó ilẹ̀ olóró kúrò nínú agbo ilé kí ìtọ́jú tó lè dúró.

Ní ti ọpọlọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, a dán succimer wò lára ọmọdé 780. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001: òjé inú ẹ̀jẹ̀ dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n òye àwọn tí ó lo oògùn kò ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń polówó oògùn tí yóò fọ ọpọlọ mọ́, ẹ bi í léèrè ẹ̀rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn ní 2021 pé kí a fún ọmọdé tí òjé rẹ̀ bá dé máíkírógíráàmù 45 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan ní oògùn náà. Ṣùgbọ́n láti orí 5 ni kí a ti wá orísun òjé náà, kí a sì dí i.

Àwọn àgbà ní, bí omi bá dà nù tí agbè kò fọ́, a ó tún omi mìíràn pọn. Ẹ̀jẹ̀ ni omi. Oògùn lè tún un ṣe. Ọpọlọ ọmọ ni agbè. Ní Ọ̀tà àti Ògìjo, ẹnu ìléru ni kí a ti dáàbò bo agbè, kì í ṣe ilé ìwòsàn.