Wàrà Ìgbà Òjò: Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù àti Mílíìkì Fúlàní ní Agbègbè Tampouy

Apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, ni Tampouy wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ouahigouya. Níbẹ̀, bíi ti gbogbo ìlú náà, oríṣi mílíìkì méjì ló ń jà sọ́jà: kosam tí àwọn Fúlàní ń fún lára màlúù wọn, àti èyí tí wọ́n fi mílíìkì lẹ́búlẹ́bú òkè òkun pò. Yògọ́ọ̀tì gba méjèèjì, ẹni tó ń mu ún kì í sì í sábà mọ èwo ni. Wàrà kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Mílíìkì tútù ló ń béèrè. Èrò mi ni pé ibẹ̀ ni àǹfààní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà.

Màlúù Fúlàní kì í fúnni ní mílíìkì púpọ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀, bíi lítà kan sí méjì lójúmọ́ ni ó kù. Nígbà òjò, láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, ó máa ń pọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko ti gbẹ, ó di ọ̀wọ́n. Ooru ìlú náà kì í sì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó kan. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ mílíìkì kéékèèké fi wúlò. Ẹgbẹ́ àpapọ̀ wọn àti ti àwọn tó ń fún mílíìkì ń jẹ́ UMPL/B. Bí àwọn darandaran bá gbé mílíìkì dé, wọ́n á ri irin-ìwọ̀n bọ inú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹnì kan ti bu omi lé e. Wọ́n á po díẹ̀ mọ́ ọtí líle. Bó bá dì, ó ti ń kan nìyẹn, wọn kì í gbà á.

Ẹni tí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké yìí ń bá du ọjà kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn rárá. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù mú òté kúrò lórí iye mílíìkì tí àwọn àgbẹ̀ wọn lè pèsè. Ọdún yẹn kan náà ni owó ibodè àjùmọ̀ní ECOWAS bẹ̀rẹ̀, tó fi ìdá 5 péré nínú 100 lé mílíìkì lẹ́búlẹ́bú. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ń wọlé ni wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, tí wọ́n fi epo ọ̀pẹ rọ́pò. Ó rọjú ju kosam lọ, kò sí àní-àní. Ìpolongo tó ń rọ àwọn ènìyàn láti mu mílíìkì ilẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, ṣùgbọ́n ìpolongo nìkan kò lè borí iye owó.

Àwọn obìnrin Fúlàní ní Borgou, ní orílẹ̀-èdè Benin, àti ní gáà Òkè-Ògùn nílé wa, ti mọ ohun tí wọ́n ń fi mílíìkì àjẹṣẹ́kù ṣe: wàrà ni. Wọ́n á gún ewé àti igi bomubomu, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀ sínú mílíìkì tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí iná, wọ́n á sì máa ko iná díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi dì, tí omi rẹ̀ á yọ sọ́tọ̀. Inú agbọ̀n kékeré ni wọ́n ń bù ú sí kó lè ro. Ní Benin, wọ́n tún ń fi pòròpórò ọkà bàbà sè é kó lè pọ́n. Wàrà yìí kì í yọ́ nínú epo gbígbóná: ẹ̀yìn rẹ̀ á gbẹ, inú á sì rọ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀ ata kì í béèrè ẹran.

Bíi lítà 5 mílíìkì ló ń di kílò wàrà kan, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò pàdánù, nítorí yògọ́ọ̀tì àti gapal, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ọkà po, ti ń fa gbogbo mílíìkì tó wà. Nítorí náà, kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta mílíìkì sí Tampouy máa ṣe wàrà ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí mílíìkì pọ̀ ju ẹni tó ń rà á lọ, kí wọ́n sì fi oṣù Kẹta sílẹ̀ fún gapal.